Ìje kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Iléṣà: bí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ kílọ́ọ̀bù yín ṣe máa múra ẹ̀, tẹ́ ẹ fi máa parí ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀sín ara mi. Ìje àkọ́kọ́ tí mo bá kílọ́ọ̀bù wa lọ, bí wọ́n ṣe fọn fèrè báyìí ni mo ki eré mọ́lẹ̀, mo fi gbogbo èèyàn sílẹ̀, inú mi ń dùn, mo tiẹ̀ tún ń bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tá a jọ ń ṣe ìdánrawò. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a dé ìdí òkè àkọ́kọ́, àyà mi ń lù kìkìkì, ojú mi ń ṣú, ẹsẹ̀ ò gbé pẹ́dà mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ mo fara ti igi kòkó kan. Ibẹ̀ ni mo wà tí bàbá kan nínú kílọ́ọ̀bù wa, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gun tòkunbọ̀ tí ọ̀dà ti bó lára ẹ̀, fi gùn ún kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó kàn ní, "Kú ìsinmi o, ọmọ mi." Wọ́n ṣì ń fi kí mi títí dòní.

Kì í ṣe pé bàbá yẹn lágbára jù mí lọ o. Ó ti fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ ìje tó pé, ó mọ ibi tí òkè wà, ó mọ bó ṣe gùn tó, èmi ò mọ nǹkan kan, eré ni mo kàn ń sá. Torí náà ohun tí mo máa kọ síbí, bá a ṣe ń ṣe é báyìí ni, fún ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, tó ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń gùn ún, tí kì í sì í ṣe pé ó ń fi jẹun.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti orí títì ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Lórí títì, tẹ́ ẹ bá sá pamọ́ sẹ́yìn ọmọ kílọ́ọ̀bù yín, òun lá máa gba atẹ́gùn sára, ẹ̀yin á máa gbádùn lẹ́yìn. Nínú igbó, eré ò pọ̀ débi tí atẹ́gùn máa di wàhálà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ni, kálukú ló máa gbé ara ẹ̀ gun òkè. Àwọn tó dá ìje kẹ̀kẹ́ orí òkè sílẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1979, ńṣe ni wọ́n ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ já wálẹ̀ látorí òkè Tamalpais, nígbà tó fi máa di 1996 ó ti wọ Olympics ní Atlanta. Ti àwọn ọ̀gá pátápátá máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 80 sí 100, wọ́n á máa yí po ojú ọ̀nà kan náà. Tiwa, tó bá ti ń lé ní wákàtí kan, àwọn kan ti ń pe ìyá wọn. Kí wá ni ọmọ kílọ́ọ̀bù wúlò fún? Ó wúlò kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, ó sì wúlò létí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé torí pé aṣọ kan náà la wọ̀, ó yẹ ká jọ máa tẹ̀ lé ara wa lẹ́yìn, ẹni tó lágbára jù ló máa wá fi eré pa àwọn tó kù.

Kẹ̀kẹ́

Kò pọn dandan kó jẹ́ olówó ńlá. Tòkunbọ̀ tó dáa, tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju tuntun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ "mountain bike" gàdàgbà sí lára lọ. Àwọn yẹn wúwo bí ọlọ, ṣọ́ọ̀kì wọn ò ṣe nǹkan kan ju kó máa dún lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ fọwọ́ pa gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ra, pàápàá níbi tí ọrùn kẹ̀kẹ́ ti pàdé férémù. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín bí irun, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ di apá pẹ́dà méjèèjì mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹ wá gbé rúlà lé ṣéènì: tẹ́ ẹ bá ka ẹyọ 24, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 géérégé. Tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì lé, ṣéènì yẹn ti fà, ó sì ṣeé ṣe kó ti jẹ eyín jíà ẹ̀yìn run, ẹ fi ìyẹn ná ọjà.

Ti ìjókòó rọrùn. Ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán. Tẹ́ ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí iwájú orúnkún ń dùn lẹ́yìn ìdánrawò, nígbà púpọ̀ ìjókòó ẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó já wálẹ̀ látorí òkè gíga, ẹ rẹ ìjókòó yẹn sílẹ̀ díẹ̀ o, kó má bàa máa gbá yín nídìí sọ síwájú.

Ọ̀rọ̀ táyà ló yẹ ká jókòó tì, torí ibẹ̀ ni ìje ti ń bàjẹ́ jù. Fọganáísà ẹ̀bá títì, lójú tiẹ̀, táyà tó bá le bí òkúta ló dáa, á fẹ́ ẹ títí á fi máa dún gbàngbàn. Ẹ fi ìyẹn wọ igbó, ẹ máa ta bíi gúgúrú ni, òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó kún orí àwọn òkè wa yìí á máa yọ̀ lábẹ́ yín. Ẹni tó tó 70 kìlógíráàmù tó ń lo tíúbù, kó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 30 PSI (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà) níwájú, 32 lẹ́yìn, kó gùn ún, kó dín in ní méjì méjì, kó tún gùn ún lójú ọ̀nà kan náà, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fúyẹ́ á dín in, ẹni tó bá sanra á fi kún un. Àmọ́ tó bá ti rọ̀ jù, òkúta á tẹ tíúbù mọ́ ríìmù, á dá ihò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi pé ejò bù ú jẹ. Tẹ́ ẹ bá ti rí ihò méjì báyìí, ẹ má wulẹ̀ máa wá ẹ̀gún kiri, afẹ́fẹ́ yín ló kéré. Àwọn tó ń lo táyà tí ò ní tíúbù, tí wọ́n ń da oje funfun sínú ẹ̀, lè lọ sílẹ̀ dé 22 sí 25, ìyẹn dáa gan-an, ṣùgbọ́n oje yẹn máa ń gbẹ nínú ooru wa, ẹ máa ṣí i wò.

Èmi tíúbù ni mò ń lò ní tèmi. Ọgbọ́n tá a ń dá sí ẹ̀gún ni pé ká mú tíúbù tó ti bàjẹ́, ká là á, ká gé e gẹ́gẹ́ bí ìbú táyà, ká tẹ́ ẹ sáàárín táyà àti tíúbù tó dáa. Ó ń fi ìwọ̀n díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn ju kí n máa lẹ páàṣì nínú oòrùn lọ.

Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Kí ìje tó kù ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ rin ojú ọ̀nà náà, lọ àti bọ̀. Mo ní lọ àti bọ̀ torí pé ọ̀gbun tẹ́ ò rí látòkè, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á hàn sí yín kedere.

Ẹ mọ irú ilẹ̀ tiwa. Erùpẹ̀ pupa yẹn, tó bá gbẹ, ó dáa bíi títì, tí òjò bá ti kán sí i, ó di ọṣẹ. Lábẹ́ igi kòkó, ewé gbígbẹ máa ń bo gbòǹgbò mọ́lẹ̀, ẹ fi igi tú u wò kẹ́ ẹ mọ apá ibi tí gbòǹgbò dà kọ, torí gbòǹgbò tó dábùú, ẹ lè gbé iwájú kẹ̀kẹ́ fò ó, èyí tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gbé èèyàn ṣubú. Lápá Ìtagúnmọdi àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gba ọ̀nà tẹ́ ò rìn rí, àwọn kòtò wà níbẹ̀ tí wọn ò dí, koríko ti bò wọ́n. Àwọn ọdẹ náà ń dẹ pàkúté. Ẹni tó ń lọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kó rántí ọ̀kadà tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àpò kòkó méjì lẹ́yìn, wọn kì í fẹ́ dúró, wọn ò sì lè dúró náà.

Oko olóko sì ni o! Kẹ́ ẹ tó ta ọ̀rá pupa mọ́ igi kan láti fi júwe ọ̀nà, ẹ lọ kí baálẹ̀ abúlé yẹn, ẹ kí àwọn tó ni oko, ẹ mú obì dání, ẹ sọ ọjọ́ àti aago fún wọn, ẹ bi wọ́n bóyá ọdún ìbílẹ̀ kankan bọ́ sí ọjọ́ yẹn. Lásìkò kòkó, láti bí oṣù kẹwàá, ẹ ó rí kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín kọjá. Ọmọ kílọ́ọ̀bù kan tó gun kòkó ẹlẹ́nìkan mọ́lẹ̀ lọ́jọ́sí, gbogbo wa la jọ bẹ bàbá náà, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún jẹ́ ká gba ibẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rìn ín, ẹ jókòó pọ̀, ẹ ya ọ̀nà náà sórí páálí, kẹ́ ẹ sọ gbogbo ibi tó ṣòro lórúkọ. Tiwa ní "Àmàlà", ẹrọ̀fọ̀ tó wà lẹ́bàá odò nìyẹn. Ó ní "Kọ́nà Ìyàwó", ibi tó ń yí lójijì téèyàn ò bá ṣọ́ra. Òkè àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ti mọ orúkọ ẹ̀: "Kú Ìsinmi". Ẹ má fi ṣe àwàdà lásán o, torí lọ́jọ́ ìje, ẹni tó dúró létí ọ̀nà lè pariwo pé "Àmàlà, òsì!" ká sì mọ̀ pé apá òsì ló gbẹ lónìí. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ó tó.

Ìdánrawò, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó fún ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ kan fún òkè: ẹ wá òkè tó máa gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ gùn ún tagbáratagbára ní ìwọ̀n tó jẹ́ pé tẹ́nì kan bá bi yín ní ìbéèrè, "hẹn" nìkan lẹ máa lè dáhùn, ẹ yí padà sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ tún gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kó ti di mẹ́fà. Ọjọ́ kan fún ọwọ́ àti ojú, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ọjọ́ Sátidé, ẹ gùn ún fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, jẹ́jẹ́, débi tẹ́ ẹ lè máa tàkúrọ̀sọ. A máa ń gba apá Ìwárajà lọ síbi táwọn òkè Ẹ̀fọ̀n ti ń yọjú, nígbà míì a máa ń dé Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, a ó ki ẹsẹ̀ bọ omi Olúmirìn kí orí wa wálé. Ọ̀nà tó lọ sí Ifẹ̀ ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ ṣùgbọ́n àwọn tírélà ibẹ̀ ò ro ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ dín gbogbo ẹ̀ sí ìdajì.

Wàhálà ẹgbẹ́ ni pé gbogbo Sátidé á di ìje. Ẹnì kan á fi eré díẹ̀ kún un, èkejì ò ní gbà fún un, kẹ́ ẹ tó mọ̀, gbogbo yín ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, lọ́jọ́ Túsìdé ẹsẹ̀ ò ní gbé òkè mọ́. Òfin tiwa ni pé ẹni tó bá kọjá ẹni tó wà níwájú lọ́jọ́ Sátidé ló máa ra omi gbogbo èèyàn. Ó ṣiṣẹ́.

Ti ọwọ́ àti ojú: tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, ẹ ti wọ jíà kékeré kẹ́ ẹ tó dé ìdí ẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ṣéènì bá ń pariwo. Ẹ sún síwájú ìjókòó títí dé ṣóńṣó ẹ̀, ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ wálẹ̀, kí iwájú kẹ̀kẹ́ má bàa máa dìde. Tẹ́ ẹ bá ń já wálẹ̀, ẹ dìde dúró lórí pẹ́dà, kí pẹ́dà méjèèjì wà ní dọ́gba, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ kó rọ̀, kí ìdí yín sún sẹ́yìn, ìka kan péré lórí búrékì kọ̀ọ̀kan. Iwájú ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró jù, àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀ tí wọ́n ń lo tẹ̀yìn nìkan ló ń yọ̀ bí ẹja. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má já a gbà, kẹ́ ẹ sì ti dín eré kù kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà, tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ tán ẹ tú u sílẹ̀. Ojú ńkọ́? Ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá ń wo igi ọ̀pẹ á lọ kọ lu igi ọ̀pẹ, mo ti ṣe é rí, èjìká mi ṣì ń rántí.

Oúnjẹ

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, ẹ ò lè ní ká má jẹ iyán. Ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án tàbí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Àárọ̀ ọjọ́ ìje, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ kí fèrè tó dún, ẹ jẹ iṣu sísè díẹ̀ tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú tíì, láìsí epo púpọ̀. Tí ìje bá máa lé ní wákàtí kan, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí dàbínù sápò. Ẹ ti po omi yín ṣáájú: lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí ẹnu ẹ̀ tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ẹ pò ó. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ mọ̀ ọ́n, omi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ ni, ó sì dáa fún ẹni tó ń làágùn. Ohunkóhun tẹ́ ò jẹ rí lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dán an wò lọ́jọ́ ìje.

Ọjọ́ yẹn

Ẹ ti pín iṣẹ́. Ẹni méjì tí ò díje á dúró létí ọ̀nà, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń gba omi, ní òkè, níbi tí eré ti dín kù, kì í ṣe ní ìsọ̀kalẹ̀ níbi tẹ́ni tó ń na ọwọ́ gba omi ti máa dojú délẹ̀. Èkejì lọ́dọ̀ Àmàlà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ìje ibi tí wọ́n ti gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ ran ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n má lọ lé yín kúrò lórí ike omi kan. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú títí ẹ ó fi làágùn díẹ̀, torí ara tútù ò mọ̀ ju kó ta gìrì.

Nígbà tí fèrè bá dún, ìyàtọ̀ wà láàárín kéèyàn wà nínú àwọn tó ṣáájú wọ ọ̀nà tóóró àti kéèyàn kú síbẹ̀. Ẹ sáré dé ẹnu ọ̀nà tóóró, lẹ́yìn ìyẹn ẹ sinmi, ẹ gba pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá kó kọjá. Ìyípo àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dà bíi pé ẹ ń ṣọ́ owó ná. Ẹ kọjá ẹlòmíì pẹ̀lú ariwo, "Ọ̀tún o!" tàbí "Òsì o!", ẹ dúró de ìdáhùn, ẹni tó wà níwájú ló ni ọ̀nà. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà kíá. Bó bá jẹ́ ọmọ kílọ́ọ̀bù yín lẹ bá lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti wọ̀, ẹ má dúró dè é, ẹ kí i ni kẹ́ ẹ máa lọ. (Ẹ mọ ìkíni tó yẹ.) Àyàfi tó bá ṣubú. Tó bá forí gbálẹ̀, tí ojú ẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìje ti parí fún un, ó dilé ìwòsàn, kó má tún dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ láéláé, kódà kó má sán. Ẹni tí ò bá ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì rárá, kí ló tiẹ̀ ń wá níbẹ̀?

Táyà á jò. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Owá ti ń múná roko. Tíúbù kan, pọ́ǹpù kékeré, ike méjì tí wọ́n fi ń ṣí táyà, irin tí wọ́n fi ń já ṣéènì, gbogbo ẹ̀ nínú báàgì kékeré lábẹ́ ìjókòó. Kúrò lójú ọ̀nà, yọ tíúbù, ṣùgbọ́n kó o tó fi tuntun sí i, fi ìka pa inú táyà yípo, rọra o, torí ẹ̀gún tó lu ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de èkejì. Bí táyà bá ya, ká ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí mẹ́rin, tẹ́ ẹ sí ojú ibi tó ya, tíúbù ò ní í yọrí síta, á gbé ẹ délé. Fẹ́ tíúbù díẹ̀ kó tó wọlé kó má bàa lọ́ pọ̀. Mo fi wákàtí gidi wò ó, mo kọ́kọ́ máa ń lo ìṣẹ́jú méjìlá, nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ta ara wa nídìí ọtí mínírà ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ó di márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ má wá sáré asínwín. Tom Pidcock, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ní Olympics Paris 2024, táyà ẹ̀ jò láàárín ìje, wọ́n pààrọ̀ wíìlì fún un, àwọn èèyàn ti kọjá ẹ̀, ó wá ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gba góòlù ní ìyípo tó gbẹ̀yìn.

Tẹ́ ẹ bá padà délé, kí ara tó balẹ̀ jù, ẹ fi omi àti kànrìnkàn fọ kẹ̀kẹ́. Ẹ má gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò, omi yẹn á wọ ibi tí àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń jẹ́ kí wíìlì yí wà, á dípẹtà. Ẹ nu ṣéènì gbẹ, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró dúdú tí wọ́n tú nínú mọ́tò, rárá. Ẹ yẹ táyà wò níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú yọ gbogbo ẹ̀gún tó fara pamọ́ síbẹ̀. Kí ẹnì kan sì mú páálí yẹn wá, kó kọ ohun tó yí padà lójú ọ̀nà sí i kó tó gbàgbé, ibi tí igi wó sí, ibi tí omi ti gbẹ. Èyí tá a kọ kẹ́yìn, bàbá yẹn ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀: ó fa ìlà sábẹ́ "Kú Ìsinmi", ó kọ síwájú ẹ̀ pé kí wọ́n gé ẹ̀ka kan lára igi kòkó yẹn, torí mo ti ń sáré gba abẹ́ ẹ̀ báyìí.